Ishaq Rí Oṣù, Ó Dá A Padà

Gbogbo ẹni tó bá ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá Ishaq rí, láti Morogbo lọ sí Ibereko, ló mọ̀ pé kì í ṣe pẹtiróòlù nìkan ló ń gbé e rìn. Ẹnu ẹni tó ń wà á wà níbẹ̀. Bí epo bá tán lójú títì márosẹ̀, ẹnu Ishaq nìkan tó láti ti kẹ̀kẹ́ náà dé ibi tí wọ́n ti ń ta epo, kó sì tún gun òkè kan lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sí òkè kankan ní gbogbo agbègbè yẹn.

Ó ti sọ ọ́ rí pé ẹja tí òun fi ìwọ̀ mú nínú ọ̀sà gùn débi pé nígbà tí òun fa orí rẹ̀ yọ ní Àgbádárìgì, àwọn aṣọ́bodè ṣì ń yẹ ìrù rẹ̀ wò ní Sèmè. Ó ní ìjì kan gbé kẹ̀kẹ́ òun ní Morogbo, Ikoga ló lọ sọ ọ́ kalẹ̀ sí, ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn ò sì jí lójú oorun. Inú àwọn èèyàn máa ń dùn láti gbọ́ ọ. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń gbà á gbọ́. Bí Ishaq bá sáré wọlé pé ilé ń jó, wọ́n á kọ́kọ́ bi í bóyá iná náà ga tó igi àgbọn, kí wọ́n tó ronú àtidìde.

Èyí ò dùn ún, àfìgbà tí ọ̀rọ̀ kan Hidayah.

Hidayah ni ọmọbìnrin Alhaji Abdulrasaq, ẹni tó ń ta léèsì àti fìlà nínú ìlú Àgbádárìgì. Ọmọ náà fẹ́ Ishaq. Ó ní òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé bí ẹja tó légun púpọ̀ ni, téèyàn bá ti mọ ibi tí egun wà, ẹran ibẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kì í jẹ ẹja elégun. Nígbà tí Ishaq lọ bá a, Alhaji ò lé e, kò bú u. Ó ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n fún un lómi, ó wá sọ̀rọ̀ kan tí Ishaq ò lè gbé mì bó ṣe gbé omi náà mì.

“Ishaq, n ò rí ohun tó burú lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n àna ẹni, ẹlẹ́rìí ẹni ni. Ọjọ́ tí mọ́sálásí bá gba ẹ̀rí rẹ lórí ohunkóhun, ọjọ́ yẹn ni kí o wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ Hidayah.”

Akíndé, ẹ̀gbọ́n Hidayah, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ishaq láti kékeré, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Ó ní ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mọ́sálásí ti gbà lọ́wọ́ Ishaq rí ni ìhanrun rẹ̀ nígbà wáàsí, pé ìyẹn ò nílò ẹlẹ́rìí kejì.

Ishaq ronú títí, ó rí ọ̀nà. Alhaji Abdulrasaq wà lára àwọn tó máa ń jókòó ti Lèmọ́mù tí ààwẹ̀ bá fẹ́ parí, láti gbọ́ ẹ̀rí àwọn tó bá ní àwọn rí oṣù tuntun. Tí ẹlẹ́rìí méjì bá fẹnu kò, tí wọ́n sì gbà wọ́n gbọ́, ìlú á túnu. Ẹ̀rí wo ló tún ga ju ìyẹn lọ? Ó pinnu pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, òun á wà létíkun, oṣù náà kò sì ní gba iwájú òun kọjá láìkí òun.

Nínú ààwẹ̀ yìí kan náà, èrò méjì wà tí Ishaq máa ń gbé nírọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì, Ibereko ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan ni Dókítà Adégbóyèga, ọmọ Èkìtì, tó máa ń gbé báàgì rẹ̀ mọ́ra bí ẹni gbé ìkókó. Èkejì ni Dókítà Ọláfúnkẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́, tó máa ń rẹ́rìn-ín fún èèyàn kó tó sọ pé irọ́ ló ń pa. Mọ́tò á já wọn sí Morogbo, Ishaq á gbé wọn ńbẹ̀. Kí ìdí wọn tó kan àga, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ojú ò lè rí ni wọ́n ń jà lé lórí. Wọ́n ní nǹkan kan wà tó ń jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́nù, tó kéré débi pé tó bá dúró ti eruku, eruku á dà bí òkè Olúmọ lójú rẹ̀. Wọ́n ní téèyàn bá lu ihò méjì sára ògiri, tó ju nǹkan yìí síbẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, á ṣe bí ẹni pé ihò méjèèjì ló gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ṣọ́ ọ lẹ́nu ihò, ihò kan ṣoṣo ni yóò gbà, bí ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ lókèèrè tó sì tún ìrìn rẹ̀ ṣe.

Wọ́n fẹnu kò dé ibẹ̀ yẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọn ò gbà fún ara wọn. Dókítà Adégbóyèga ní kí a tó wò ó, kò síbi kankan tí a lè sọ pé ó wà, wíwò tí a wò ó ló fún un ní ibùjókòó. Dókítà Ọláfúnkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ kọ́ o, ẹ̀gbọ́n, pé gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, ayé ló pín: nínú ayé kan a rí i lọ́tùn-ún, nínú ayé kejì a rí i lósì, àwa náà sì wà nínú méjèèjì, ẹnì kìíní ò gbúròó ẹnì kejì.

Ishaq ò kọ́kọ́ dá sí i. Etí ló fi ń gbà, gáréèjì ló ń kó o lọ. Ibẹ̀ ló ti na ọ̀rọ̀ náà títí ó fi fẹ́ já. Ó ní òun náà ti gba ibi tí ọlọ́pàá méjì dúró sí kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ọ̀kan ń tú kẹ̀kẹ́ òun wò, èkejì ń juwọ́ sí òun pé ó dàbọ̀. Kó tó pẹ́, kò sí ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní Ibereko tí kò ní ayé méjì. Tí èrò bá ní kí ẹnìkan tètè dé, á ní òun ti dé ní ayé kejì, kí wọ́n ní sùúrù fún ti ibí.

Lọ́jọ́ kan tí òùngbẹ ti sọ ọ̀fun rẹ̀ di iyanrìn, Ishaq yíjú sẹ́yìn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, pé tí òun bá fẹ́ mọ ẹni tó jàre nínú wọn, kí ni kí òun wọ̀n? Òṣùwọ̀n wo ló máa fì sọ́dọ̀ Dókítà, tí kò ní fì sọ́dọ̀ mọ̀mí?

Dókítà Ọláfúnkẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní títí di òní, kò sí. Ìṣirò kan náà làwọn ń ṣe, ìdáhùn kan náà ló ń jáde, ohun tó túmọ̀ sí lẹnu àwọn ò kò lé lórí.

“Láti Morogbo lẹ ti ń jà, mà,” ni Ishaq wí, “ibì kan náà lẹ sì ń sọ̀ sí.”

Dókítà Adégbóyèga ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó rí èéfín tí kò bèèrè iná, irú ẹni wo nìyẹn? Èyí náà bọ́gbọ́n mu lójú Ishaq. Ohun tó ń bí Ishaq nínú gan-an nìyẹn: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì ló máa ń dà bí ẹni pé ó jàre.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n pé, àwọn olùkọ́ méjèèjì ní àwọn á bá Ishaq débẹ̀. Wọn ò rí ibi tí wọ́n ti ń wá oṣù rí. Akíndé náà wà pẹ̀lú wọn, mọ́sálásí ló rán an. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi ní Màrínà, ọmọ Ègùn tó ni ọkọ̀ náà ní “mí ní yì”, pé kí àwọn máa lọ, ó ti ọkọ̀ kúrò létí omi, wọ́n sọdá ọ̀sà, wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn lábẹ́ àwọn igi àgbọn títí òkun fi yọ sí wọn.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lápá Sèmè. Ìkùukùu pọ̀ níbẹ̀, ó dì bí ẹ̀kọ. Akíndé jókòó sórí igi àgbọn kan tó ṣubú, ó ní òun ò lè dúró kí ebi sì tún dúró. Ishaq ò jókòó. Ó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, ó wá bi Dókítà Adégbóyèga bóyá oṣù náà ti wà níbẹ̀ kí òun tó rí i.

Dókítà ní ó wà níbẹ̀. Oṣù tóbi, nǹkan tó bá tóbi ò dúró de wíwò ẹnikẹ́ni.

“Títóbi láti ibo lọ, sà? Iyanrìn ńkọ́? Ẹ̀fọn ńkọ́? Akíndé tó jókòó yìí ńkọ́, ṣé ó tóbi tó?”

Akíndé ní kí Ishaq fi òun sílẹ̀, pé òun ti wà níbí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun. Ṣùgbọ́n Dókítà Adégbóyèga ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí ààlà náà wà, ẹnikẹ́ni ò tíì fi ìka tọ́ka sí i. Ishaq wá yíjú sí Dókítà Ọláfúnkẹ́. Ó ní tí òun bá rí oṣù nínú ayé yìí, tí òun ò rí i nínú ayé kejì, èwo nínú àwọn ló máa fẹ́ Hidayah?

“Ọ̀kan nínú yín á fẹ́ ẹ.”

“Èmi tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́, mà?”

Ó ní ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi àwọn nìyẹn. Pé òun ní ìdáhùn sí i, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ò tíì yó òun fúnra òun.

Oòrùn wọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ta ìkùukùu nù, ibì kan ya bí aṣọ tó ti gbó, Ishaq sì rí nǹkan. Ó funfun, ó tín-ín-rín bí èékánná ọmọ tuntun. Kéèyàn tó pọ́n ètè lá, ìkùukùu ti pa dé. Ó nawọ́ sí i. Akíndé fò dìde, ó wò, kò rí nǹkan kan. Dókítà Ọláfúnkẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Dókítà Adégbóyèga yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ìgbà yẹn ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ṣé o rí i?” ni Akíndé bi í.

“Mo rí nǹkan.”

“Èmi náà ti rí i nìyẹn.”

Ishaq ní kò rí i. Akíndé ní oṣù lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe, pé ọwọ́ òun ti tó tòun. Ó ní fìlà ọdún kún ṣọ́ọ̀bù bàbá àwọn dé àjà, ikùn òun náà sì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ó wá fa Ishaq sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn olùkọ́ má baà gbọ́.

“O fẹ́ Hidayah àbí o ò fẹ́ ẹ? Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n ń fẹ́. Mo ti bá ọ wá èkejì.”

Nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń padà bọ̀, Ishaq ò sọ̀rọ̀, ọlọ́kọ̀ náà sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá ara rẹ̀ ò yá. Nǹkan funfun yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò létí omi, kò ju èékánná lọ. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀sà, ó ti hu ìwo. Nígbà tí Màrínà fi yọ, ó ti ń tàn yanran lórí omi, ẹja ti ń jáde wá wò ó. Ishaq mọ ara rẹ̀. Kò sóhun tó wọ ọwọ́ rẹ̀ tí kì í dàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti nǹkan náà padà díẹ̀díẹ̀, ó ń gé ìwo rẹ̀, ó ń pa iná rẹ̀, kó lè rí bó ṣe rí gan-an nígbà tó kọ́kọ́ yọ, iṣẹ́ náà sì le fún un ju kẹ̀kẹ́ títì lọ.

Ó wo àwọn olùkọ́ méjèèjì tí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀. Tó bá tẹ̀ lé ti Dókítà, á ní wíwò tí òun wò ó ló sọ ọ́ di oṣù, kò sẹ́ni tó máa bi òun mọ́. Tó bá tẹ̀ lé ti mọ̀mí, á ní Ishaq kan wà níbì kan tó rí oṣù náà rekete, pé ẹnu ìyẹn lòun yá. Méjèèjì ló gba irọ́ náà láyè, wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Ìgbà náà ni inú rẹ̀ kọ àwọn méjèèjì. Àpò tó gba irọ́, tó gba òótọ́, tí ọ̀kan ò sì wúwo ju èkejì lọ, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?

Nígbà tí wọ́n dé mọ́sálásí, wọ́n fi omi àti dàbínù ṣínu, wọ́n kírun Màgàríbì. Àwọn olùkọ́ méjèèjì jókòó sínú kẹ̀kẹ́ níta. Lèmọ́mù àti Alhaji Abdulrasaq jókòó sórí ẹní nínú yàrá kan tó dojú kọ ilé ìrun, wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Akíndé ló kọ́kọ́ wọlé. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín lójú, ó ṣẹ́jú sí Ishaq bí ẹni tó ti bá a gbé ẹrù dé ojúlé.

Nígbà tí Ishaq wọlé, Alhaji ò wojú rẹ̀. Ó bi í bóyá ó rí oṣù. Lẹ́yìn náà ló bi í bí ìwo rẹ̀ ṣe rí, àti bóyá ìràwọ̀ kan wà láàárín ìwo náà.

Ìràwọ̀. Ishaq mọ ibi tí Akíndé ti mú un wá. Lórí ilé ìrun tí yàrá yìí dojú kọ, oṣù onírin kan wà lókè, ìràwọ̀ sì wà láàárín rẹ̀. Akíndé ò rí nǹkan kan létíkun, ó wá ju ojú sókè nígbà tó ń wọlé, ó mú èyí tó wà ńlẹ̀. Tí Ishaq bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rí ti di méjì. Hidayah wà lódì kejì bẹ́ẹ̀ ni yẹn.

“N ò rí ìràwọ̀, Alhaji. N ò rí ìwo náà. Nǹkan funfun tín-ín-rín ni mo rí, ó sì ti lọ. Bóyá oṣù ni, bóyá etí ìkùukùu ni, n ò mọ̀.”

Lèmọ́mù àti Alhaji dúró. Wọ́n mọ Ishaq, wọ́n mọ̀ pé ìyókù ń bọ̀. Wọ́n dúró títí, Lèmọ́mù tún mi orí sí i pé kó máa bá a lọ. Ìyókù ò wá.

Wọ́n ní kí Akíndé padà wọlé. Lèmọ́mù ní kó tún ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yẹn sọ. Kí Akíndé tó la ẹnu, ojú rẹ̀ ti sá gba fèrèsé lọ sókè ilé ìrun, ojú Lèmọ́mù tẹ̀ lé e lọ, ojú Alhaji tẹ̀ lé ti Lèmọ́mù. Lèmọ́mù ní kò sí ẹ̀rí láti etíkun, kí ìlú múra láti gba ààwẹ̀ lọ́la.

Kí wọ́n tó kírun Ìṣáì, rédíò sọ̀rọ̀. Wọ́n ti rí oṣù lápá Òkè Ọya, ọdún ti di ọ̀la. Gbogbo ìlú hó yè. Akíndé jókòó ti Ishaq lórí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí láyé, ẹni tó rí oṣù tó dá a padà. Dókítà Ọláfúnkẹ́ yọrí láti inú kẹ̀kẹ́, ó bi í bóyá wọ́n gbà á gbọ́. Ishaq ní wọ́n gbọ́, gbígbà ni òun ò mọ̀.

Kí ilẹ̀ ọdún tó mọ́ dáadáa, gáréèjì ti gbọ́. Wọ́n ní oṣù sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sọ́wọ́ Ishaq, ó ní kó máa lọ sílé, ìyá rẹ̀ ń wá a. Wọ́n ní oṣù náà sunkún. Ishaq ò fi nǹkan kan kún un, ìyẹn sì ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n kírun ní Yídì tán, Ishaq ló gbé àwọn ará ilé Alhaji padà. Alhaji, Alhaja Látífàt ìyàwó rẹ̀ àti Hidayah jókòó sẹ́yìn, Akíndé há mọ́ ẹ̀gbẹ́ Ishaq níwájú. Akíndé ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ohun tó dùn òun ni pé àǹfààní náà ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun, torí ẹ̀rí oṣù ló gbé lọ, wọn ò sì gbà á.

Hidayah ní kí ẹ̀gbọ́n òun tún un rò. Ẹ̀rí méjì ló dé iwájú Lèmọ́mù. Ọ̀kan ní ìràwọ̀ wà, ọ̀kan ní kò sí. Èwo ni wọ́n dà nù? Ti Akíndé. Kí ni wọ́n fi dà á nù? Ọ̀rọ̀ Ishaq. Wọ́n gba ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn.

Akíndé ní ojú òun ló tú òun fó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ishaq. Hidayah ní ta ló fa ojú náà lọ sókè? Alhaja Látífàt ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ò yàtọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbádùn atẹ́gùn. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ń jà lọ, ó ń dún létí Ishaq bí ìgbà tó bá gbé àwọn olùkọ́ yẹn ní Morogbo, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn á sì dà bí ẹni pé ó jàre. Ó rọra dín eré kẹ̀kẹ́ kù.

“Alhaji, n ò bèèrè ẹni tó jàre nínú wọn. Tí mo bá wá lọ́la lẹ́yìn ìrun Alásárì, ṣé ilẹ̀kùn á ṣí àbí á tì?”

Alhaji wo òde títí wọ́n fi kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta àgbọn.

“Ilẹ̀kùn mi kì í tì nírú àkókò yẹn,” ni Alhaji wí. “Mú bàbá rẹ dání. Òun ni kó sọ̀rọ̀.”

Ishaq ní ó dáa, sà. Ó já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gba títì lọ sí Ibereko. Nígbà tó dé gáréèjì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé oṣù dà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ara, ó ní kí wọ́n fi oṣù sílẹ̀. Ó ní Alhaji Abdulrasaq ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú Yídì, ó di òun lẹ́sẹ̀ mú, ó ní tí òun ò bá gba Hidayah, Alhaji ò ní túnu.